Èbúté Mẹ́ta, Àdúgbò Àwọn Òṣìṣẹ́

Ẹ ó ti gbọ́ òwe kan tí àwọn ará Èkó máa ń pa. Wọ́n ní: Ọjà Oyìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èrò pọ̀ níbẹ̀ ju kí a ka ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ. Bí o wá, bí o kò wá, ọjà á kún, ọjà á sì tú. Kò sí ẹni tí yóò béèrè rẹ.

Òótọ́ ni òwe náà ní ti ọjà. Ṣùgbọ́n ní ti àdúgbò tí ọjà náà wà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orúkọ àdúgbò náà ni Èbúté Mẹ́ta, ní ìlú Èkó. Àlejò ló kún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Alágbàṣe, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké ló pọ̀ jù nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni a kò bí síbẹ̀, wọn kò sì jọ sọ èdè kan náà. Síbẹ̀, wọ́n kọ́ bí a ti í mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Wọ́n kọ́ bí a ti í béèrè ara ẹni.

Nínú ìwé yìí, a fẹ́ sọ bí àdúgbò náà ṣe bẹ̀rẹ̀, irú ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àti ohun tí ìṣọ̀kan wọn ṣe fún wọn. Ẹ jẹ́ kí á kà á ní sùúrù. Ìbéèrè ń bẹ níparí rẹ̀.

1. Bí orúkọ náà ṣe jẹ́

Èbúté ni ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Bí ènìyàn bá dúró ní Erékùṣù Èkó tó sì kọjú sí òkè, omi ọ̀sà ni yóò rí níwájú rẹ̀. Ní òdìkejì omi náà ni Ìddó wà. Bí a bá kọjá Ìddó, a ó bọ́ sí orí ilẹ̀ ńlá tó lọ tààrà dé Abẹ́òkúta, dé Ìbàdàn, dé ilẹ̀ Haúsá. Ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ ńlá náà ni Èbúté Mẹ́ta jókòó sí.

Àwọn àgbà sọ pé èbúté mẹ́ta tó fún un ní orúkọ ni Ìddó, Ọ̀tọ̀ àti Oyìngbò. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ náà. Ọlọ́tọ̀, olóyè wọn ní Ọ̀tọ̀, ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

2. Ìfọ́lé ní Abẹ́òkúta

Ohun tó sọ ibẹ̀ di ìlú kò ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Abẹ́òkúta ló ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ ọba. Láti ìgbà náà ni aáwọ̀ ti wà láàrin ìjọba Èkó àti àwọn Ẹ̀gbá. Wọ́n ń jà lórí ọ̀nà òwò, lórí owó ibodè, lórí ààlà ilẹ̀. Òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà ni John Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà. Bí ó ti ń fẹ́ kí ọwọ́ ìjọba Èkó gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni inú ń bí àwọn Ẹ̀gbá sí i.

Nígbà tó di oṣù October 1867, ìbínú náà tú jáde. Àwọn ènìyàn ya bo ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere ní Abẹ́òkúta. Wọ́n fọ́ ilé, wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ọ̀ràn náà ní Ìfọ́lé. Àwọn òyìnbó sá kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ di ẹrù wọn, wọ́n kọrí sí Èkó.

Glover fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Wọ́n pín ilẹ̀ náà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì la òpópó rẹ̀ gbọọrọ. Òpópó kan lọ síwájú, òmíràn dábùú rẹ̀. Títí di òní, bí ẹ bá rìn ní Èbúté Mẹ́ta, ẹ ó rí i pé òpópó ibẹ̀ kò lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bíi ti Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ẹ wò ó, ilé fífọ́ ló bí àdúgbò yìí. Ẹni tí wọ́n fọ́ ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá kọ́lé síbẹ̀. Ẹni tó bá ti sá wá rí kì í tètè lé ẹlòmíràn padà. Bóyá èyí ló jẹ́ kí ó rọrùn fún àwọn tó dé lẹ́yìn wọn.

3. Rélùwéè dé

Ní 1896, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó lọ sí ilẹ̀ òkè. Wọ́n ń fẹ́ ọ̀nà tí wọn yóò fi kó epo pupa, èkùrọ́, kòkó àti òwú wá sí etí òkun ní kíákíá. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù wọ̀nyí tẹ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o. Ní 1901, wọ́n ṣí ọ̀nà rélùwéè náà dé Ìbàdàn. Ọdún kan náà ni wọ́n ṣí Afárá Carter tó so Erékùṣù Èkó mọ́ Ìddó. Nígbà tó fi di 1912, ojú irin láti Èkó ti dé Kánò.

Ìddó ni ibùdókọ̀ wà. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe sí, nítorí pé ilẹ̀ gbalasa wà níbẹ̀. Lókò ni àwọn ènìyàn ń pe ilé iṣẹ́ náà.

Kí ló dé tí iṣẹ́ fi pọ̀ ní Lókò tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé. Ọkọ̀ ojú irin ayé ìgbà náà kì í lo epo mọ́tò. Èédú ilẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú iná rẹ̀. Iná náà yóò sè omi tó wà nínú àgbá irin ńlá kan tí wọ́n ń pè ní bọ́ílà. Nígbà tí omi bá hó, ooru rẹ̀ yóò máa wá ọ̀nà àtijáde. Ẹ̀yin náà ti rí ìdérí ìkòkò tí ooru omi ń gbé sókè. Irú agbára bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sé mọ́ inú irin, ló ń ti àgbá ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó fi ń yí.

Ṣùgbọ́n iná àti omi kì í pẹ́ ba irin jẹ́. Bọ́ílà a máa dípẹtà, a sì máa sán. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ a máa jẹ. Nítorí náà, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa padà wá sí Lókò. Ibẹ̀ ni àwọn fítà ti ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà. Ibẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń rọ irin, tí àwọn kápẹ́ńtà ń kan ìjókòó àti ilẹ̀kùn, tí àwọn alágbàṣe sì ń gbé ohun tó wúwo. Lórí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, dẹ́rẹ́bà kan ń wà á, fáyámàn sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ṣọ́bìrì bu èédú sínú iná láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀.

Iṣẹ́ tó gbóná ni, iṣẹ́ tó dọ̀tí ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kọ́ni lọ́gbọ́n ọwọ́ ni pẹ̀lú. Ọmọkùnrin tó bá kọ́ṣẹ́ fítà ní Lókò, oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ti dájú.

4. Àwọn tó wá gbé ibẹ̀

Ibi tí iṣẹ́ bá wà ni ènìyàn ń lọ. Àwọn Ẹ̀gbá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì bá wọn. Ìbò dé, Ẹ̀dó dé, Haúsá àti Tápà dé. Àwọn Sàró tó mọ̀ ọ́n kọ, tó mọ̀ ọ́n kà, wá ṣe akọ̀wé.

Orúkọ òpópó fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn náà. Bí ẹ bá ti lè ka ìwé báyìí, ẹ máa wo pátákó etí ọ̀nà bí ẹ bá dé ibẹ̀. Ẹ ó rí Òpópó Abẹ́òkúta, Òpópó Ìbàdàn, Òpópó Oǹdó, Òpópó Jẹ́bà, Òpópó Kánò. Ẹni tó bá rìn káàkiri Èbúté Mẹ́ta fún wákàtí kan, ó ti ka orúkọ ìlú láti etí omi dé ilẹ̀ Haúsá.

Àwọn òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ní rélùwéè ń gbé inú ọgbà tiwọn, tí wọ́n ń pè ní Kọ́ńpáùn Rélùwéè. Ilé ibẹ̀ tóbi, igi yí i ká, atẹ́gùn sì ń wọlé dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ṣì wà níbẹ̀. Ilé Jaekel ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì kó àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Òṣìṣẹ́ ní tiwọn, yàrá ni ọ̀pọ̀ wọn ń háyà. Ẹ mọ irú ilé náà. Ọ̀ọ̀dẹ̀ kan wà láàrin, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Ìdílé kan nínú yàrá kan. Ilé ìdáná kan ni gbogbo wọn ń lò lẹ́yìnkùlé, ilé ìwẹ̀ kan náà, ilé ìyàgbẹ́ kan náà. Ìjà omi ń bẹ, ìjà ta-ni-kò-gbálẹ̀ ń bẹ, ìjà ọmọ-rẹ-lu-ọmọ-mi ń bẹ. A kò ní purọ́ pé ayé ibẹ̀ dẹrùn.

Ṣùgbọ́n nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìkọ́ ẹnì kan kò ní pamọ́ fún ẹnì kejì. Bí ìyá kan bá ń rọbí lóru, yàrá mẹ́wàá ló gbọ́. Bí iná kò bá jó níwájú yàrá bàbá kan fún ọjọ́ méjì, ilé ti mọ̀ pé owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á fi àwo oúnjẹ rán ọmọ sí i, láìsọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n ń dá èésú. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ lórí ìwé. Ká sọ pé ènìyàn mẹ́wàá jọ ń dá ṣílè márùn-ún márùn-ún lóṣooṣù. Ìlọ́po mẹ́wàá ṣílè márùn-ún jẹ́ àádọ́ta ṣílè, ìyẹn £2. 10s. Ẹnì kan á kó o lóṣù yìí, ẹlòmíràn á kó o lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí kò lè rí £2. 10s. lẹ́ẹ̀kan náà láéláé á rí i, á fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí kó fi san owó ilé ìwé ọmọ. Kò sí báńkì tó ń ṣe onídùúró fún un. Orúkọ rere rẹ̀ nìkan ni onídùúró.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ìjẹ̀ṣà ní tiwọn, Ìbò ní tiwọn, Ẹ̀dó ní tiwọn. Bí àlejò bá kú, ẹgbẹ́ á sin ín. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹgbẹ́ á dá owó fún un. Nínú èésú, nínú ẹgbẹ́, àyè ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iye. Bí ẹnì kan kò bá wá, wọ́n á mọ̀.

5. Ọjà àti àwọn obìnrin

Ọjà Oyìngbò wà létí ojú irin, nítòsí Ìddó. Oúnjẹ tí ọkọ̀ rélùwéè kó wá láti ilẹ̀ òkè ló sọ ọ́ di ọjà ńlá: iṣu, èlùbọ́, ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà. Ní etí ọ̀sà ní Oko Bàbá, àwọn onígi ń fi omi gbé gẹdú wá láti inú igbó, wọ́n sì ń là á sí pákó. Pákó yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé Èkó fi ṣe òrùlé.

Àwọn obìnrin ló ni Oyìngbò. Ọkọ ń lọ sí Lókò, ìyàwó ń lọ sí ọjà. Owó oṣù ọkọ kì í tó oúnjẹ oṣù kan, èrè ìyàwó ló ń dí àlàfo náà. Àwọn ọ̀gá òyìnbó mọ èyí dáadáa. Nígbà tí òṣìṣẹ́ dúdú béèrè owó ìtọ́jú ẹbí bíi ti òṣìṣẹ́ funfun, ìdáhùn wọn ni pé ìyàwó òṣìṣẹ́ dúdú ń ṣòwò, nítorí náà kò nílò rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n ní kó má jẹun nítorí pé ẹnì kejì rẹ̀ ń dáná!

6. Ìjà owó iṣẹ́

Nísinsìnyí, a dé ibi tí orúkọ Èbúté Mẹ́ta ti kàn ká gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ní 1931, owó gbẹ ní gbogbo ayé. Rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún òṣìṣẹ́ Lókò ní wákàtí wákàtí dípò ojoojúmọ́. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń pa wọ́n lára. Ká sọ pé wákàtí mẹ́jọ ni iṣẹ́ òòjọ́. Òṣìṣẹ́ ti jí láàárọ̀, ó ti dé ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, ọ̀gá ní iṣẹ́ ti tán, ẹ máa lọ. Owó wákàtí mẹ́ta ti bọ́ nìyẹn. Onílé kì í sì gba owó yàrá ní wákàtí wákàtí.

Èyí ló mú kí àwọn òṣìṣẹ́ Lókò da orí pọ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní 1940, ìjọba kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sínú ìwé lábẹ́ òfin. Olórí wọn ni Michael Imoudu, tí a bí ní 1902, ọmọ ilẹ̀ Ọ̀rà ní apá Bẹ̀ní. Òṣìṣẹ́ Lókò ni òun náà. Kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá, Ìbò àti Ẹ̀dó jọ tẹ̀ lé e. Wọn kò béèrè ìlú rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni wọ́n gbọ́.

Ẹgbẹ́ náà kì í fi ariwo nìkan jà. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé báyìí, ẹ fiyè sí èyí. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ, ìwé a máa dúró síbi tí wọ́n gbé e sí.

Nígbà tí ìwé kò mú ìdáhùn wá, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn. Ní oṣù September 1941, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ rélùwéè jáde ní Èbúté Mẹ́ta. Wọ́n kọjá Ìddó, wọ́n gba orí Afárá Carter, wọ́n sì lọ bá Gómìnà Bourdillon nílé rẹ̀ ní Marina. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Nígbà tó yá, ìjọba gbà láti san owó ìrànwọ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà.

Ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé Imoudu. Ní January 1943, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n mú un, wọ́n sì fi í sí ìgbèkùn ní Bẹ̀ní àti Auchi. Wọ́n rò pé bí darandaran bá lọ, agbo á tú ká. Agbo kò tú. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1945 tó sì padà sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù June, àwọn ènìyàn tú jáde láti lọ pàdé rẹ̀. Ọdún méjì ni kò fi sí nílé, wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan kò wá.

7. Ìdáṣẹ́sílẹ̀ 1945

Ní ọdún náà, owó iṣẹ́ kò tó nǹkan mọ́. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n fi kún un ní 1942, ọ̀wọ́n ọjà ti jẹ ẹ́ tán. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba béèrè ohun méjì: kí owó òòjọ́ tó kéré jù jẹ́ ṣílè méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́fà (2s. 6d.), kí wọ́n sì fi ìdajì kún owó ìrànwọ́. Ìjọba kò gbà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù June 1945, iṣẹ́ dúró. Ọkọ̀ rélùwéè kò lọ, kò bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pọ́ọ̀sì àti wáyà dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ju 30,000 lọ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ó gba ju oṣù kan lọ.

Ẹ rò ó wò. Ó ju oṣù kan lọ láìsí owó iṣẹ́! Kí ni wọ́n jẹ? Ìdáhùn wà ní ọjà. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, àti àwọn obìnrin rẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Ìyàwó ń fi èrè òwò bọ́ ilé, alátà ń tà láwìn, onílé ń ní sùúrù. Ohun tí ìjọba ti fi ṣe àwáwí tẹ́lẹ̀, pé ìyàwó wọn ń ṣòwò, òun gan-an ló jẹ́ kí àwọn ọkọ lè dúró.

Ní ìparí, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan tí olórí rẹ̀ ń jẹ́ Tudor Davies láti yẹ ọ̀ràn náà wò. Ní 1946, ìgbìmọ̀ náà ní òótọ́ ni ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wí. Wọ́n ní kí ìjọba fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ náà. Ìjọba sì gbà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìyà tán. Ní June 1964, lẹ́yìn òmìnira, àwọn òṣìṣẹ́ tún dá iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà lórí owó iṣẹ́ kan náà, Imoudu sì tún wà láàrin àwọn aṣáájú wọn. Ó pẹ́ láyé. Ọdún 2005 ni ó kú.

8. Eré àti orin

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ àti ìjà nìkan ni wọ́n mọ̀. Ọlọ́pàá kan wà tó ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Èbúté Mẹ́ta. Orúkọ rẹ̀ ni Hubert Ogunde. Ní 1944, ó ṣe eré onítàn Bíbélì kan fún ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kúrò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, tó sì dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1945, ó fi ọ̀ràn ìdáṣẹ́sílẹ̀ náà ṣe eré tó pè ní Strike and Hunger, ìyẹn ìdáṣẹ́sílẹ̀ àti ebi. Àwọn tí ebi pa ní June jókòó, wọ́n ń wo ara wọn lórí ìtàgé.

9. Èbúté Mẹ́ta lóde òní

Kò sí ohun tí kì í yí padà. Lẹ́yìn òmìnira, mọ́tò àti tírélà gba ẹrù lọ́wọ́ rélùwéè díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ gbó, ojú irin gbó, òṣìṣẹ́ dín kù. Ilé ìwòsàn tí rélùwéè dá sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀, gbogbo ènìyàn ló sì ń lọ síbẹ̀ báyìí. Ní Oko Bàbá, iná jó ibi ìlagi ní 2022. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti kọ́ ibùdó mìíràn fún àwọn onígi ní Àgbọ́wà.

Àwọn ilé náà pẹ̀lú ń gbó. Ẹlòmíràn a máa gbé àjà lé àjà lórí ìpìlẹ̀ tí kò lè gbé e. Ní oṣù May 2022, ilé alájà mẹ́ta kan wó ní Òpópó Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn. Ẹ jọ̀wọ́, bí ògiri ilé tí ẹ ń gbé bá là tí ìlà náà sì ń fẹ̀ sí i, bí ilẹ̀kùn tó ń tì tẹ́lẹ̀ bá kọ̀ tí kò tì mọ́, bí òpó bá ń tẹ̀, ẹ má sọ pé Ọlọ́run á ṣọ́ wa kí ẹ sì sùn. Ẹ jáde, ẹ sì lọ sọ fún àwọn aláṣẹ tó ń bójú tó ilé kíkọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pẹ̀lú.

Síbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ti ń padà. Ní June 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Èkó wà ní Alágoméjì, ní Èbúté Mẹ́ta náà ni, wọ́n sì fi orúkọ Mobolaji Johnson pè é, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní October 2024, ọkọ̀ ojú irin mìíràn tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Àgbádò wá sí Oyìngbò. Àwọn òṣìṣẹ́ tún ń sọ̀ kalẹ̀ létí ọjà náà láàárọ̀, bíi ti àtijọ́.

10. Ohun tí a rí kọ́

A ti rí i pé ẹni tí wọ́n fọ́ ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́lé sí Èbúté Mẹ́ta, àti pé àlejò ló kún un. Kò sí ọba tó kó wọn jọ, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó pa wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ló kó wọn jọ. Èésú, ẹgbẹ́, àwo oúnjẹ láti yàrá kan sí èkejì àti ìwé ẹ̀bẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò dé ní 1945, ohun tí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n fi dúró.

Bí ẹ bá ń gbé ní àdúgbò òṣìṣẹ́, níbikíbi tó wù kó jẹ́, ẹ wo ẹnu ọ̀nà yàrá tó kọjú sí tiyín. Ta ni kò jáde láàárọ̀ yìí? Ọjà lè má mọ̀. Kí ẹ̀yin mọ̀.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan

Èbúté: ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí.
Bọ́ílà: àgbá irin tí omi ti ń hó nínú ọkọ̀ ojú irin àtijọ́.
Ìgbèkùn: ibi tí a fi ènìyàn sí, tí kò lè kúrò níbẹ̀.
Ìdáṣẹ́sílẹ̀: kí òṣìṣẹ́ jọ fi iṣẹ́ sílẹ̀ títí wọn yóò fi gbọ́ ẹ̀dùn wọn.
Ìwé ẹ̀bẹ̀: ìwé tí a kọ sí àwọn aláṣẹ láti béèrè ohun kan.

Ìbéèrè

1. Kí ni a ń pè ní Ìfọ́lé? Ọdún wo ni ó ṣẹlẹ̀?
2. Kí ló ń mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ yí?
3. Bí ènìyàn méjìlá bá ń dá ṣílè mẹ́rin mẹ́rin, ṣílè mélòó ni ẹni tó kàn yóò kó?
4. Kí ló burú nínú kí a máa san owó fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí wákàtí?
5. Báwo ni àwọn obìnrin ọjà ṣe ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní 1945?
6. Ẹ kọ orúkọ òpópó mẹ́ta ní àdúgbò tiyín sílẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè bí orúkọ kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn.